Owó-orí ni ìpìlẹ̀ ESG: bí iléeṣẹ́ yín l'Abẹ́òkúta ṣe lè ṣe é, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Iléeṣẹ́ tó bá gbẹ́ borehole fún àdúgbò, tó pín ìwé fáwọn ọmọ iléèwé, tó gbin igi sójú títì, ohun tó dáa ló ṣe, mi ò sì ní sọ pé kó má ṣe é mọ́. Àmọ́ tí iléeṣẹ́ yẹn náà bá ń yọ owó-orí kúrò nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lóṣooṣù tí kò sì san án fún ìjọba, ohun tó gbà lọ́wọ́ àdúgbò ti ju ohun tó fún wọn lọ. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, orí ẹ̀ náà ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé: owó-orí ló yẹ kó ṣáájú, lẹ́yìn ẹ̀ ni ìtọrẹ.

ESG táwọn èèyàn ń pariwo ẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n fi ń wọn ìwà iléeṣẹ́ ni, lẹ́tà mẹ́ta ló sì ní. E dúró fún àyíká, ìyẹn omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, epo tá a ń jó. S dúró fún èèyàn, òṣìṣẹ́, oníbàárà, aráàdúgbò. G dúró fún bá a ṣe ń darí iléeṣẹ́, ta ló ń buwọ́ lùwé, ta ló ń ka owó, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ló rò pé owó-orí ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé iṣẹ́ akántáńtì nìyẹn. Rárá o. Inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà, torí owó-orí ni wọ́n fi ń tọ́jú omi àti ojú títì, òun ni wọ́n fi ń san owó nọ́ọ̀sì àti tíṣà, bí iléeṣẹ́ bá sì ṣe ń san án ló ń fi hàn bóyá ìdarí ẹ̀ mọ́ tàbí kò mọ́.

Ìlú wa yìí gan-an mọ ọ̀rọ̀ owó-orí ju ìlú míì lọ. Lọ́dún 1918 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí tààrà lọ́wọ́ Ẹ̀gbá, ó di ìjà, òun la mọ̀ sí Ogun Àdùbí. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1947, àwọn ìyá wa lábẹ́ ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta Women's Union tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí gbéra lórí owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, wọ́n ní àwọn ò lè máa san owó síbi tí obìnrin kankan ò ti ní ohùn nígbìmọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní January 1949. Ohun tí wọ́n bi ìjọba nígbà yẹn, àwa náà gbọ́dọ̀ lè dáhùn ẹ̀ nínú iléeṣẹ́ wa: owó mélòó ló wọlé, ta ló kà á, ibo ló lọ, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè.

Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iléeṣẹ́ kékeré tàbí aláàárín: aláàdìrẹ n'Ítòkú tó ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC (àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀), oníbúrẹ́dì l'Ásẹ̀rò, onípiọ́ wọ́tà l'Óbáńtokò, oníbúlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú. Iléeṣẹ́ ńláńlá ní àwọn tó ń bá wọn ṣe é, ẹ̀yin lẹ ò ní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ jẹ́ lójú òfin

Òfin owó-orí tuntun, Nigeria Tax Act 2025, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ú ní June 26, 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026. FIRS tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, àjọ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀, ti di Nigeria Revenue Service, ìyẹn NRS. Àwọn ló ń gba owó-orí iléeṣẹ́ àti VAT, ìyẹn owó-orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà. Owó-orí tó jẹ́ ti èèyàn, títí kan èyí tẹ́ ẹ yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, ti ìpínlẹ̀ ni, OGIRS, àjọ tó ń gba owó-orí fún ìpínlẹ̀, la máa ń san án fún l'Ógùn.

Ibi tó ń dààmú èèyàn rèé. Tó bá jẹ́ orúkọ ìṣòwò lásán lẹ gbà ní CAC, èyí tí kò ní Limited lẹ́yìn, ẹ kì í ṣe kọ́ńpìnì lójú òfin, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa san owó-orí lórí èrè yín bí èèyàn, ní OGIRS. Tó bá ní Limited, kọ́ńpìnì ni. Kọ́ńpìnì tí gbogbo owó ọjà tó tà lọ́dún kò bá ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí ilẹ̀, ilé, ẹ̀rọ àti mọ́tò ẹ̀ lápapọ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, òfin kà á sí iléeṣẹ́ kékeré, owó-orí tó máa san lórí èrè ẹ̀ jẹ́ òdo. Lọ́yà, akántáńtì àti irú wọn ò sí nínú àánú yẹn o, torí òfin yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò. Kọ́ńpìnì tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ máa san 30% lórí èrè, á tún fi 4% kún un tí wọ́n ń pè ní development levy, èyí tó rọ́pò owó tertiary education, owó IT, ti NASENI àti ti Police Trust Fund tá a ń san lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀.

Òdo kì í ṣe pé kẹ́ ẹ jókòó sílé. Ẹ ṣì máa fi ìwé ránṣẹ́ sí NRS láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò yín bá parí. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́, owó ìtanràn oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ₦100,000, oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún kọjá lẹ́yìn ẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré ni kò mọ èyí, wọ́n rò pé "wọ́n ti yọ́nú sí wa" ni.

Ó sì níbi tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Àwọn kan máa ń gba aláṣọ, aláàdìrẹ àti onílé ọjà nímọ̀ràn pé kí wọ́n pín kọ́ńpìnì kan sí mẹ́ta kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wà lábẹ́ ₦100 mílíọ̀nù. Ilé kan náà, ẹ̀rọ kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, orúkọ mẹ́ta. Òfin fún NRS lágbára láti ṣí aṣọ lójú irú ètò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì kà á sí ọ̀kan. Ká tiẹ̀ ní wọn ò mọ̀, ẹ ò lè fi iléeṣẹ́ mẹ́ta tí kò sí kọ ìròyìn ESG kan tó jóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya owó iléeṣẹ́ kúrò lára owó ilé

Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àtọmọ kó má ní ààlà. Àkáǹtì báńkì iléeṣẹ́ lọ́tọ̀, tiyín lọ́tọ̀. POS tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kó máa wọ àkáǹtì iléeṣẹ́, kó má wọ ti ìyàwó tàbí ti ọkọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ owó, ẹ san owó oṣù fúnra yín, kẹ́ ẹ sì yọ owó-orí ẹ̀ bí ti òṣìṣẹ́ yòókù, tàbí kẹ́ ẹ dúró di ìgbà tẹ́ ẹ máa pín èrè. Dáríkítọ̀ tó kàn ń ṣí àpótí ọjà mú ₦20,000 lónìí, ₦50,000 lọ́la, òun gan-an ló ń ba G iléeṣẹ́ ẹ̀ jẹ́, kò sí bí akántáńtì ṣe lè tún un ṣe lẹ́yìn.

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rà, ẹ gba rìsíìtì. Nínú òfin tuntun, tẹ́ ẹ bá ra nǹkan tó yẹ kí wọ́n fi VAT sí tí ẹni tó tà á ò fi sí i, ẹ ò ní lè yọ owó yẹn kúrò nínú èrè yín. Torí náà ẹni tó bá ń tà fún yín láìní rìsíìtì, tẹ́ ẹ rò pé ó dín owó kù fún yín, ẹ̀yin lẹ máa san án pa dà lẹ́yìn. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ náà: VAT tẹ́ ẹ san lórí ẹ̀rọ àti lórí iṣẹ́ táwọn míì ṣe fún yín, tó bá jẹ́ fún ọjà tó ní VAT, ẹ ti lè yọ ọ́ kúrò nínú VAT tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. VAT ṣì jẹ́ 7.5%, ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ ti san án. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé yìí fún ọdún mẹ́fà ó kéré tán, kì í ṣe inú kẹ́tọ́ọ̀nù lábẹ́ ibùsùn tí omi òjò á fi bà á jẹ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ sí ibòmíì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó òṣìṣẹ́ kì í ṣe owó yín

Ibí ni mo máa pẹ́ sí díẹ̀ torí ibí ni mo ti ń rí ìwà tó ń dùn mí jù. Tẹ́ ẹ bá yọ PAYE, ìyẹn owó-orí òṣìṣẹ́, kúrò lára owó oṣù Ṣadé tó ń bá yín ṣiṣẹ́, owó Ṣadé ni, ẹ kàn ń bá a gbé e lọ fún ìjọba ni. Ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e ni ó gbọ́dọ̀ dé OGIRS, ìwé ti gbogbo ọdún sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di January 31. Tẹ́ ẹ bá fi ra àpò ìyẹ̀fun, ẹ ti yá owó lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ̀ pé òun yá yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan kó lè yé wa. Ká ní ₦120,000 ni Ṣadé ń gbà lóṣù, ìyẹn ₦1,440,000 lọ́dún. Pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ tó jẹ́ 8% jẹ́ ₦115,200. Ó ń san ₦300,000 fún ilé lọ́dún, òfin ní kí wọ́n yọ 20% owó ilé kúrò, tí kò bá ti ju ₦500,000 lọ, tiẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Ó ku ₦1,264,800. Nínú ẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí rárá. Ó ku ₦464,800, ìdá 15% lórí ẹ̀ jẹ́ ₦69,720 lọ́dún, ìyẹn ₦5,810 lóṣù. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ẹ ṣì ń yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ torí tábìlì àtijọ́ ni ẹni tó ń ṣe owó oṣù yín ń lò, ẹ ń rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ tún un ṣe lóṣù yìí, kẹ́ ẹ sì dá èyí tó lé pa dà fún un.

Pẹ́ńṣọ̀n ńkọ́? Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin Pension Reform Act 2014 kàn án nípá: òṣìṣẹ́ dá 8%, ẹ̀yin dá 10%, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tẹ́ ẹ bá ti san owó oṣù kó ti wọ àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀. NSITF náà wà, owó ìdáàbòbò òṣìṣẹ́, 1% owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹni tí ẹ̀rọ bá gé lọ́wọ́ lè rí nǹkan gbà. Àwọn tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí owó ọjà wọn tó ₦50 mílíọ̀nù lọ́dún, ń san 1% fún ITF, àjọ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000 láti 2024, ìjọba Ógùn kéde ₦77,000 lọ́dún yẹn náà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe, kò sí òfin tó pàṣẹ ẹ̀: lóṣooṣù, ẹ lẹ rìsíìtì PAYE àti ti pẹ́ńṣọ̀n mọ́ ara ògiri níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Kì í ṣe owó oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan o, àpapọ̀ tí iléeṣẹ́ san. Àwọn òṣìṣẹ́ á mọ̀ pé owó wọn dé ibi tó ń lọ, ojú á sì ti ẹ̀yin náà láti fo oṣù kan. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ESG, kò sí èyí tí owó ẹ̀ kéré tó ṣiṣẹ́ tó eléyìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àyíká, omi aró àti epo dísù

Ẹ jẹ́ ká mú aláàdìrẹ. Omi aró tó kù nínú ike lẹ́yìn iṣẹ́, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì sódà àti haidro wà nínú ẹ̀, ó ń jó ọwọ́, ó ń pa nǹkan tó wà nínú omi. Tẹ́ ẹ bá dà á sí gọ́tà n'Ítòkú tàbí ní Kẹmta, òjò á gbá a lọ sínú Odò Ògùn. Odò yìí náà ni ẹ̀rọ omi ìjọba ní Arákàńgà ti ń fa omi tí ìlú ń mu, òun náà làwọn ará Èkó ń fà ní Akútẹ. Ẹ̀yin lẹ da omi náà nù, ẹlòmíì ló ń sanwó láti fọ̀ ọ́, owó-orí ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́. Nítorí náà iléeṣẹ́ tó ń ba omi jẹ́ tí kò sì san owó-orí, ìlọ́po méjì ló gbà lọ́wọ́ ìlú.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ kọ́kọ́ wọn nǹkan. Ẹ ra pépà tí wọ́n fi ń yẹ pH wò, ìyẹn bí omi náà ṣe kan tàbí ṣe lè jóni tó, owó ẹ̀ ò pọ̀, ẹ tì í bọ inú omi aró kẹ́ ẹ tó dà á nù, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sínú ìwé. Ẹ kọ́ táǹkì kékeré tí omi á ti dúró sí kí ìdọ̀tí ẹ̀ rọlẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe OGEPA, iléeṣẹ́ ààbò àyíká Ìpínlẹ̀ Ógùn, kí wọ́n sọ fún yín bó ṣe yẹ kó jáde. Òfin NESREA, àjọ ààbò àyíká ti ìjọba àpapọ̀, lórí iléeṣẹ́ aṣọ àti awọ ti wà láti 2009, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò gbọ́. Onípiọ́ wọ́tà, ẹ ka iye nylon tó ń jáde lóṣù àti iye tẹ́ ẹ rí kó pa dà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ́ òkúta, eruku ni tiyín, ẹ máa wọ́n omi, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ́n ọn. Oníbúrẹ́dì, ẹ kọ lítà dísù tẹ́ ẹ jó: lítà kan ń tú nǹkan bíi kílò 2.7 èéfín kábọ́ńdáyọ́ksáìdì jáde, nítorí náà ẹni tó ń jó lítà 600 lóṣù, lítà 7,200 ló jó lọ́dún, ó ti tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 19 jáde. Nọ́ḿbà yẹn gan-an ni báńkì tàbí oníbàárà òkè òkun máa bèèrè lọ́wọ́ yín.

Ibi tí owó-orí ti wọ̀ ọ́ rèé. Táǹkì yẹn, sólà, ẹ̀rọ tó ń fọ omi, dúkìá iléeṣẹ́ ni gbogbo wọn, òfin gbà yín láyè láti yọ iye wọn díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú èrè lọ́dọọdún kí wọ́n tó ṣírò owó-orí yín. Owó ìtanràn tí OGEPA tàbí NESREA bá bù fún yín torí ẹ da omi sí gọ́tà, òfin ò gbà kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò rárá. Ẹ wò ó dáadáa: owó tẹ́ ẹ fi dènà ìbàjẹ́, ìjọba gbà díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ́rùn yín, owó tẹ́ ẹ san lẹ́yìn ìbàjẹ́, ọrùn yín nìkan ló wà. Ẹni tó ń san 30%, tó bá na ₦3 mílíọ̀nù lórí sólà, nígbà tó bá yọ gbogbo ẹ̀ tán, ₦900,000 ló máa dín kù nínú owó-orí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ₦3 mílíọ̀nù owó ìtanràn ni, kọ́bọ̀ kan ò ní dín kù.

Owó kan tún wà nínú òfin tuntun, 5% lórí epo bẹntiróò, dísù àti irú wọn. Kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí mínísítà ètò ìnáwó bá pàṣẹ tí wọ́n sì gbé e jáde nínú gazette, ìwé ìkéde ìjọba. Gáàsì ìdáná, CNG, kẹrosíìnì tá a ń lò nílé àti agbára oòrùn kò sí nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ máa ṣètò bí ẹni pé ó ń bọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá sì ní òṣìṣẹ́ 50 sókè, Climate Change Act ti 2021 ní kó ní ètò lórí bó ṣe máa dín èéfín kù, kó sì yan ẹnì kan tó máa mójú tó o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ló ń buwọ́ lùwé?

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ọjà ò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun náà ni ó ń kọ ìwé, kó tún jẹ́ òun ni ó ń lọ san owó-orí. Tẹ́ ẹ ò bá ju mẹ́ta lọ nínú iléeṣẹ́, ẹ pín in sáàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ kọ ìwé kan, ojú ewé kan péré, ohun tó máa wà nínú ẹ̀ nìyí: à ń san owó-orí wa níbi tá a ti ń ṣòwò, a kì í san owó-orí ní kaṣì fún ẹnikẹ́ni, inú àkáǹtì ìjọba nìkan ni, a kì í fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀gúnjẹ kí ó lè dín in kù, dáríkítọ̀ ló ń buwọ́ lu ìwé kó tó lọ, akántáńtì nìkan ò tó. Kí gbogbo dáríkítọ̀ buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì ka á sétí àwọn òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gúnjẹ yìí, mo mọ̀ pé ó le. Ẹnì kan á wá sí ṣọ́ọ̀bù, á ní "ẹ̀gbọ́n, owó yín jẹ́ ₦1.2 mílíọ̀nù, ẹ fún mi ní ₦200,000 ká pa á rẹ́". Ẹ dá a lóhùn báyìí: "Ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa, ká lè fèsì sí i." Tí ìwé ò bá dé, kò sí gbèsè. Tó bá dé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ lẹ́tà pé ẹ ò fara mọ́ iye náà, tí wọn ò bá gbọ́, Tax Appeal Tribunal, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí, wà. Ọ̀nà yìí pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá san ₦200,000 lónìí, ẹni yẹn á pa dà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní mú rìsíìtì kankan dání.

Nǹkan méjì míì tí mo máa sáré sọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni iléeṣẹ́ gan-an sí CAC, CAMA 2020, òfin tó de àwọn kọ́ńpìnì, fẹ́ mọ ẹni tó ní agbára lórí iléeṣẹ́, kì í ṣe orúkọ àbúrò yín tó wà ní Yunifásítì. Òfin yẹn kan náà, abala 43, kò gbà kí kọ́ńpìnì fi owó tàbí dúkìá ẹ̀ ta ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́rẹ. Ìbò 2027 ń sún mọ́lé, wọ́n á wá bá yín. Ẹ fi owó ara yín ṣe é tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má fi ti iléeṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìtọrẹ

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni borehole lè wá kàn. Ọrẹ tẹ́ ẹ bá ta iléèwé, ọsibítù tàbí àjọ tí òfin dárúkọ, ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú èrè, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 10% èrè yín lọ. Ẹ gba lẹ́tà ìmọrírì pẹ̀lú iye tó wà nínú ẹ̀. Ẹ bi àdúgbò léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣe é, borehole tí kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́ kò pẹ́ tó fi ń di ilé aláǹgbá. Ẹ má sì sọ fún ìjọba pé ẹ ti ṣe ojú títì torí náà ẹ ò ní san owó-orí. Ètò kan wà tí Ààrẹ Buhari fi Executive Order 007 gbé kalẹ̀ lọ́dún 2019, pé iléeṣẹ́ lè ṣe ojú títì kí wọ́n yọ owó ẹ̀ kúrò nínú owó-orí, àmọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, títì tí wọ́n yàn sì ni. Ẹ ò lè da òkúta sí iwájú ilé yín kẹ́ ẹ pè é bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ ọ́ jáde

Ìlànà kan wà lágbàáyé tí wọ́n ń pè ní GRI 207, 2019 ló jáde, owó-orí nìkan ló dá lé. Ìbéèrè mẹ́rin ló ń bèèrè, tá a bá fi Yorùbá sọ ọ́: kí lèrò yín nípa owó-orí? Ta ló ń mójú tó o, báwo lẹ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Báwo lẹ ṣe ń bá ìjọba àti aráàlú sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀? Mélòó lẹ san ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan? Iléeṣẹ́ tó wà l'Abẹ́òkúta nìkan lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ojú ewé méjì.

Ẹ wo bí nọ́ḿbà ṣe máa rí. Ká ní iléeṣẹ́ aláàdìrẹ kan ta ọjà ₦180 mílíọ̀nù lọ́dún, èrè tó wà nínú ìwé ẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó-orí jẹ́ ₦18 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn tí akántáńtì tún un ṣe bí òfin ṣe wí, ó di ₦20 mílíọ̀nù. Ó yọ ₦5 mílíọ̀nù fún ẹ̀rọ àti sólà, ó ku ₦15 mílíọ̀nù. 30% ẹ̀ jẹ́ ₦4.5 mílíọ̀nù. Development levy jẹ́ 4% ₦20 mílíọ̀nù, torí wọn kì í yọ owó ẹ̀rọ kúrò níbẹ̀, ìyẹn ₦800,000. Àpapọ̀ ₦5.3 mílíọ̀nù. Tẹ́ ẹ bá fi ₦18 mílíọ̀nù pín in, ó jẹ́ 29.4%. Nọ́ḿbà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìròyìn, pẹ̀lú ìdí tí kò fi jẹ́ 34% gan-an: ẹ ra sólà. Ìyẹn ni pé E yín àti owó-orí yín wà nínú gbólóhùn kan.

Lẹ́yìn náà ẹ pín owó sí ọ̀nà méjì, ẹ má dà á pọ̀. Èyí tó jáde látinú àpò iléeṣẹ́: owó-orí èrè, levy, 10% pẹ́ńṣọ̀n, NSITF, ITF. Èyí tẹ́ ẹ kàn bá ìjọba gbà: VAT, PAYE, owó-orí tẹ́ ẹ yọ lára owó àwọn tó gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ yín. Mo ti rí ìròyìn tó da gbogbo ẹ̀ pọ̀ tó wá ní "a san ₦30 mílíọ̀nù", tó sì jẹ́ pé VAT tí oníbàárà san ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kò dáa.

Financial Reporting Council, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìròyìn owó iléeṣẹ́, ti ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa bẹ̀rẹ̀ ìròyìn àyíká àti ojú ọjọ́ ní ìlànà IFRS S1 àti S2 ní ọ̀ranyàn láti 2028, àwọn kékeré àti aláàárín láti 2030. Ẹ ò ní láti dúró dìgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń wá owó lọ́wọ́ báńkì tàbí kọ́ńtíráàtì ìjọba ìpínlẹ̀ n'Ókè-Mósàn, ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè, tẹ́ ẹ bá ti ní in, iṣẹ́ ti dín kù.

Tẹ́ ẹ bá ti jẹ gbèsè sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ tó ń ka èyí ti ń fo oṣù PAYE láti ọdún méjì, wọ́n ń bẹ̀rù láti yọjú. Ẹ má sá. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kó ìwé owó oṣù jáde, ẹ kọ oṣù kọ̀ọ̀kan àti iye tẹ́ ẹ yọ lára òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ò san. Tàwọn òṣìṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san, ìyẹn PAYE àti pẹ́ńṣọ̀n, kó tó kan owó-orí èrè tiyín. Ẹ kọ lẹ́tà sí OGIRS pé iye báyìí lẹ jẹ, pé ẹ fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ so ìdá àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ti san mọ́ ọn, kí ẹ sì gba àmì pé wọ́n rí lẹ́tà náà gbà. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín náà, torí owó wọn ni, kẹ́ ẹ sì máa lẹ rìsíìtì ìdá kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri bó ṣe ń wọlé.